Oúnjẹ Ọmọdé ní Ọjọ́ Ọdún

ÌLAPA ÈRÒ

(i) Ìfáàrà: ìdí tí ó fi yẹ kí a ro ti ọmọdé ní ọjọ́ ọdún.
(ii) Ewu tí ó wà láàárín oṣù 6 sí ọdún 2.
(iii) Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6.
(iv) Bí a ṣe ń bu oúnjẹ ọmọ nínú ìkòkò ọdún.
(v) Ọ̀rọ̀ ẹran àti ìgbàgbọ́ àwọn àgbà.
(vi) Ohun tí kò yẹ ẹnu ọmọ, ìmọ́tótó, àti bí a ṣe ń fún ọmọ ní oúnjẹ.
(vii) Ìgúnlẹ̀.

ÀRÒKỌ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí ọdún bá dé, òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ìkòkò ìrẹsì á wà lórí iná, ọbẹ̀ á máa hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹran á wà nínú epo gbígbóná, odó á sì máa dún ní ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò lè na ọwọ́ mú ohunkóhun nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí àgbà bá bù fún un ni yóò jẹ. Bí àgbà bá gbàgbé rẹ̀, ebi lè pa á láàárín ọ̀pọ̀ oúnjẹ. Bí wọ́n bá sì fún un ní ohun tí kò yẹ, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ni yóò fi ṣe ọdún tirẹ̀.

Ìlú Rore ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ni mo ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìpínlẹ̀ Kwara. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe láti ìgbà tí mo ti gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nínú ẹbí wa, Mùsùlùmí wà, Kìrìsìtẹ́nì sì wà, nítorí náà a kì í ṣe ọdún kan ṣoṣo. Bí a bá ṣe Iléyá tán, a ó tún máa retí Kérésìmesì. Àwọn ọmọ á wọlé láti Èkó, láti Ìlọrin àti láti Àbújá. Ilé tí ènìyàn mẹ́ta ń gbé tẹ́lẹ̀ á di ilé ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọ ọwọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin á sì wà láàárín wọn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín nítorí pé ẹ kò tíì bímọ. Ta ni a ń gbé ọmọ lé lọ́wọ́ ní ọjọ́ ọdún? Ìyá rẹ̀ wà ní ìdí iná, bàbá rẹ̀ ń kí àlejò, ìyá àgbà sì ń pín ẹran. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì ni ẹ máa ń pọ̀n ọ́n, ẹ̀yin ni ẹ máa ń fún un ní oúnjẹ. Ohun tí ẹ bá mọ̀ tàbí tí ẹ kò mọ̀ ni yóò dé ẹnu ọmọ náà.

Kókó ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Mo lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: ẹ bu ti ọmọ kí ata tó dé. Kò pọn dandan kí a dá iná mìíràn fún ọmọdé, kò sì pọn dandan kí a ra oúnjẹ inú agolo olówó ńlá fún un. Ohun tí ó dára fún ara ọmọ wà nínú ìkòkò ọdún gan-an. Àwa àgbà ni a máa ń fi ata, iyọ̀ àti mágí bà á jẹ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni a ó wá fún un ní ìrẹsì funfun tàbí ẹ̀kọ lásán.

Kí ẹ tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ láàárín oṣù 6 sí ọdún 2. Ní àkókò yìí, ọmú ìyá nìkan kò tó o mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì lè jẹ oúnjẹ àgbà bí ó ti wà. Ara rẹ̀ ń dàgbà kíákíá, ọpọlọ rẹ̀ náà ń dàgbà, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ kéré. Bí a bá fi ògì tí ó ṣàn bí omi kún ikùn kékeré bẹ́ẹ̀, yóò yó lójú, ebi yóò sì wà nínú ara rẹ̀.

Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí wọ́n bí ní Jàmáíkà tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí í ṣe Ghana òde òní, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó rí lára àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi oúnjẹ àgbàdo nìkan bọ́. Ẹsẹ̀ wọn wú, irun wọn pọ́n, awọ ara wọn ń bó. Ní ọdún 1935, ó lo orúkọ tí àwọn ará Gã ń pe àìsàn náà, ìyẹn kwashiorkor. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àìsàn tí ń ṣe ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nítorí pé àbúrò rẹ̀ ti dé. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ọmọ náà rí oúnjẹ jẹ. Ohun tí wọn kò rí ni oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà: ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà àti ẹ̀wà.

Nítòsí tiwa náà, iṣẹ́ ńlá ti wáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1956, Dókítà David Morley dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń fi àmì sí ìwọ̀n rẹ̀ lórí káàdì, wọ́n sì ń fún ìyá ní káàdì náà kí ó tọ́jú rẹ̀ sílé. Bí ìlà orí káàdì bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá dúró lójú kan, ewu ń bọ̀, bí kò tilẹ̀ tíì hàn lójú. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní àgbáyé. Bí ẹ bá ní àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n nílé, ẹ béèrè káàdì rẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọ tí ó kéré jù. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò ní oúnjẹ ọdún kankan ju ọmú ìyá rẹ̀ lọ. Kò nílò omi, kò nílò àgbo, kò sì nílò ọbẹ̀ tí a fi ìka kàn sí i lẹ́nu pé kí òun náà tọ́ ọdún wò. Omi wà nínú ọmú tó bí ó ti yẹ, àní nígbà ọyẹ́ tí ètè gbogbo wa ń là. Ìyá ni kí ẹ tọ́jú. Ẹ bu oúnjẹ fún un kí ẹ tó bu fún àlejò, ẹ fún un ní omi mu, kí ẹ sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè jókòó fún ọmọ lọ́mú. Mo ti rí ìyá ọlọ́mọ tí ó dáná fún ogún ènìyàn, tí òun fúnra rẹ̀ kò fi nǹkan kan sẹ́nu títí di ìrọ̀lẹ́. Irú ọdún bẹ́ẹ̀ kò sunwọ̀n fún ìyá, kò sì sunwọ̀n fún ọmọ.

Ọ̀rọ̀ oyin ṣe pàtàkì níbí. Ẹbí máa ń fẹ́ lo àǹfààní pé gbogbo ènìyàn wà nílé fún ọdún láti sọ ọmọ tuntun lórúkọ. Oyin sì wà lára ohun tí a fi ń ṣàdúrà fún ọmọ, pé kí ayé rẹ̀ dùn. Àdúrà náà dára, ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ti rí i pé kòkòrò àìrí kan lè wà nínú oyin, tí kò ní ṣe àgbà ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí ó lè mú kí iṣan ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 rọ, kí ó má lè mu ọmú, kí ó má tilẹ̀ lè mí dáadáa. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìyá, bàbá àti àwọn àgbà tọ́ oyin náà wò ní orúkọ ọmọ. Àdúrà kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ má gbà.

Bí ọmọ bá ti pé oṣù 6, ó ti tó oúnjẹ í jẹ, ọmú yóò sì máa bá a lọ títí yóò fi pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣíbí ńlá 2 tàbí 3 ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a ó sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Láàárín oṣù 6 sí 8, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ó jẹun lójúmọ́. Láti oṣù 9 lọ, kí ó jẹ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí ó sì rí ìpanu bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n láàárín rẹ̀. Ọdún kì í yí èyí padà. Ọmọdé kò lè dúró de ìgbà tí àlejò bá lọ tán kí ó tó jẹun.

Ògì ni oúnjẹ tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí wa lọ́kàn, ìbáà jẹ́ ti àgbàdo tàbí ti ọkà bàbà. Ó dára, ṣùgbọ́n kò dá tó. Ẹ rò ó kí ó ki, débi pé bí ẹ bá da ṣíbí délẹ̀ kò ní ṣàn kúrò lórí rẹ̀ bí omi. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohun tí ń mú ara dàgbà sí i. Ẹ lè po edé tàbí ẹja gbígbẹ tí a ti lọ̀ kúnná mọ́ ọn. Ẹ lè po ẹ̀pà yíyan tí a lọ̀ bí ìpara mọ́ ọn, bí ẹ̀pà náà kò bá ti bu. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Oṣòdì ní Èkó ti fi hàn wá láti ọjọ́ pípẹ́ pé a lè fi ẹ̀wà sóyà ṣe ògì, tí a ń pè ní sóyà-ògì. Nílé, a lè fi ìwọ̀n 3 àgbàdo sí ìwọ̀n 1 ẹ̀wà sóyà. Ẹ se ẹ̀wà náà, ẹ bó èèpo rẹ̀ kúrò, kí ẹ tó lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ àgbàdo.

Ẹ jẹ́ kí á wá lọ sí ìdí ìkòkò ọdún. Bí wọ́n bá ń se iṣu iyán, ẹ yọ ègé kan tí ó ti jinná rọ̀ kí wọ́n tó da ìyókù sínú odó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ nínú àwo, ẹ fi epo pupa díẹ̀ àti ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ pò ó. Epo pupa ní èròjà tí ń ṣe ojú ọmọ lóore. Iyán fúnra rẹ̀ kò dára fún ọmọ kékeré, nítorí pé ó máa ń fà, ó sì lè dí i lọ́fun.

Bí wọ́n bá ń lọ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín, ẹ bu ìwọ̀n tí yóò tó ewé 2 tàbí 3 sọ́tọ̀ kí wọ́n tó da ata àti iyọ̀ sí i. Ẹ po epo díẹ̀ àti ẹyin kan mọ́ ọn, ẹ pọ́n ọn sínú ewé, kí ẹ sì so ó ní ọ̀nà tí ẹ ó fi dá a mọ̀ nínú ìkòkò. Ní tiwa, òwú funfun ni a fi ń so ti àwọn ọmọdé. Mọ́ínmọ́ín bẹ́ẹ̀ rọ̀, ó ń ṣara lóore, ọmọ oṣù 8 sì lè jẹ ẹ́ bí a bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bí èkuru ni wọ́n ń ṣe, ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ fi omi ẹran tàbí omi ẹja rọ̀ ọ́, nítorí èkuru gbígbẹ máa ń há ọmọ lọ́fun.

Ìrẹsì ni ọba ọdún ní ilé púpọ̀. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Bí ìrẹsì àgbà bá jinná tán, ẹ bu ti ọmọ sínú ìkòkò kékeré, ẹ fi omi sí i, ẹ jẹ́ kí ó tún hó títí yóò fi rọ̀ bí àṣáró. Bí wọ́n bá ń se ẹran, ẹ bu ẹran àti omi rẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó fi iyọ̀ àti mágí sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ wẹ́wẹ́, ẹ fi tòmátò díẹ̀ sí i, ẹ gún ẹran náà kúnná, kí ẹ sì pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọmọ tí ó ti pé ọdún 1 lè jẹ èyí nínú àwo tirẹ̀ bí àwọn yòókù ṣe ń jẹ tiwọn. Bí ìyókù bá ti ní ata díẹ̀ nínú, ọmọ kò ní kú, ṣùgbọ́n kí ni ìdí tí a fi ní láti fi omijé bọ́ ọmọ ní ọjọ́ ayọ̀?

Wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà ní ọjà àwọn ìlú wa wúlò púpọ̀ fún ọmọ tí ó ti pé ọdún 1. Ẹ tún un sè nínú omi tí ń hó kí ẹ tó fún ọmọ, ẹ má ṣe dín in fún un, kí ẹ sì rún un wẹ́wẹ́. Èso tún wà pẹ̀lú: ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pípọ́n, omi ọsàn. Kò ná wa ní owó púpọ̀.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹran, nítorí ibẹ̀ ni ìjà máa ń wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa gbà pé bí ọmọdé bá ń jẹ ẹran tàbí ẹyin, yóò di olè. Èrò wọn kò ṣàì ní ìdí. Ní ìgbà tí ẹran ṣọ̀wọ́n, ọmọ tí kò lè kó ara rẹ̀ ní ìjánu lè da ilé rú. Ṣùgbọ́n ní ọdún Iléyá kan, mo rí ohun tí èrò náà lè fà.

Ọmọ àbúrò ọkọ mi kan wá sílé ní ọdún náà. Oṣù 14 ni ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ti lóyún mìíràn, ó sì ti gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Ògì àti ẹ̀kọ ni ó ń jẹ. Mo béèrè káàdì rẹ̀: ìlà rẹ̀ kò gòkè fún oṣù 3. Àgbò wà ní ìdè lẹ́yìn ilé, a pa á, a sì kun ún. Mo mú ẹ̀dọ̀ díẹ̀, mo sè é títí kò fi sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́, mo wá dà á sínú odó kékeré. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, rí mi.

Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ta ni o ń gún ẹ̀dọ̀ fún?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá mi, ọmọ yìí ni."

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin alákọ̀wé! Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ ọmọ náà ní olè jíjà ni? Ọmọ tí ó bá ti mọ adùn ẹran, ìkòkò ìyá rẹ̀ kò ní sinmi mọ́."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá mi. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ọwọ́ ara wa bù fún ọmọ, kí ni yóò tún jí nínú rẹ̀? Ẹ wo apá rẹ̀. Ẹ wo bí ẹ̀wù ọdún tí wọ́n rán fún un ṣe ń yọ́ bọ́ ní èjìká rẹ̀."

Wọ́n wo ọmọ náà títí. Wọn kò sọ pé mo jàre. Wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Kò tíì kúnná. Ṣé bí a ṣe ń gún nǹkan fún ọmọ nìyí?" Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gún un tí ó fi rọ̀ bí ìpara, tí wọ́n fi pò ó mọ́ iṣu, tí wọ́n sì fi ìka tọ́ ọ wò bóyá ó ti tutù tó. Ọmọ náà jẹ ẹ́ tán, ó sì na ọwọ́ sí àwo. Kì í ṣe oúnjẹ ọjọ́ kan ni ó gbà á là. A mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ìyá rẹ̀ sì kọ́ bí a ṣe ń fi edé, ẹyin àti ẹ̀wà sí oúnjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìlà orí káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ẹ kọ́ ohun méjì nínú èyí. Èkínní ni pé ẹran, ẹja tàbí ẹyin kì í ṣe oúnjẹ àṣejù fún ọmọdé. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé tún tẹnu mọ́ ọn pé ó yẹ kí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun tí ọmọ oṣù 6 sí 23 ń jẹ lójoojúmọ́. Ẹ̀dọ̀ ní èròjà irin púpọ̀, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ nílò, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ti tó. Èkejì ni pé a kì í fi ìwé na àgbà lójú. Ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ fi ọmọ hàn wọ́n, kí ẹ sì fún wọn ní iṣẹ́ ṣe nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà mọ oúnjẹ ọmọ í gún jù mí lọ.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kí ó dé ẹnu ọmọdé rárá. Ẹ̀pà odindi, gúgúrú, súìtì líle, ẹran díndín tí a gé gbọọrọ, ẹja tí egungun wà nínú rẹ̀, kóró àgbálùmọ̀ tí ó máa ń yọ̀ nígbà Kérésìmesì: gbogbo wọn lè há ọmọ lọ́fun kí èémí rẹ̀ sì dí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ máa jẹun bí ó ti ń sáré kiri, ẹ má sì ṣe fi ẹran sí i lọ́wọ́ kí ẹ sì yí ojú kúrò lára rẹ̀. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò a máa yó ọmọ láìṣe é lóore, tíì kì í jẹ́ kí èròjà irin ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ara rẹ̀. Ní ti ẹmu àti ọtí bíà tí àwọn bàbá kan máa ń fi ìka kán sí ọmọ lẹ́nu láti fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹ gbé ọmọ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín àti ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé e kúrò.

Ìmọ́tótó tún ṣe pàtàkì ju adùn lọ. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín àti ọwọ́ ọmọ kí ó tó jẹun. Ẹ fún un ní àwo tirẹ̀, kí ẹ lè mọ iye tí ó jẹ. Ife àti ṣíbí ni kí ẹ lò. Ìgò onírọ́bà ṣòro í fọ̀, ìdọ̀tí sì máa ń fara pamọ́ sí ẹnu rẹ̀. Eruku ọyẹ́ àti eṣinṣin pọ̀ ní àkókò Kérésìmesì, nítorí náà ẹ bo oúnjẹ. Oúnjẹ tí ó bá ti wà nílẹ̀ ju wákàtí 2 lọ, ẹ má ṣe fi bọ́ ọmọ bí ẹ kò bá tún un sè kí ó hó dáadáa. Ìrẹsì tí ó sùn sílẹ̀ láìbò, tí òórùn rẹ̀ ti yí padà, ẹ má fún un rárá.

Ọ̀nà tí a ń gbà fún ọmọ ní oúnjẹ wà lára oúnjẹ náà. Àwọn ìyá wa àtijọ́ máa ń rọ ọmọ: wọn á tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀, wọn á fi ọwọ́ dí i nímú, wọn á sì da ògì sí i lẹ́nu títí yóò fi gbé e mì. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, kí ọmọ lè yó. Ṣùgbọ́n ògì lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ, ó sì lè pa á. Ní ọjọ́ ọdún tí gbogbo ènìyàn ń kánjú, irú ìdánwò yìí máa ń pọ̀. Ẹ gbé ọmọ jókòó, ẹ kọjú sí i, ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ fún un ní díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá yí ẹnu kúrò, ẹ sinmi díẹ̀ kí ẹ tó tún gbìyànjú. Bí ó bá fi ọwọ́ bọ àwo, ẹ jẹ́ kí ó bọ̀ ọ́. Ọmọdé kò mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́.

Bí gbogbo ìṣọ́ra yìí bá wà síbẹ̀ tí inú ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ẹ má ṣe dúró kí ọdún parí. Ẹ máa fún un lọ́mú lọ, ẹ sì wá ORS àti egbòogi zinc ní ilé ìtọ́jú aláìsàn. Bí kò bá sí nítòsí, ẹ fi ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí a ré lórí, àti ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀ tí a ré lórí, sínú omi lítà 1 tí a ti sè tí ó sì ti tutù, kí ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá jìn, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí bí kò bá lè mu nǹkan kan, ilé ìwòsàn yá.

Ní ìgúnlẹ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lójú ọmọ oṣù 10 tí ó wà lẹ́yìn yín, ẹ̀yin ni àgbà. Ẹ kò ní owó ẹran, ẹ kò sì ní àṣẹ lórí ìkòkò, ṣùgbọ́n ẹ ní ojú láti rí i àti ẹnu láti bẹ àwọn tí ó ni ín. Bí ọdún tí ń bọ̀ bá dé, tí ìyá yín bá na ọwọ́ sí ata, ẹ mú àwo kékeré kan dání, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì wí pé: "Ẹ jọ̀wọ́, Mà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bu ti ọmọ."